Abẹ́rẹ́ tí Sagbo Kò Nílò

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Adédoyin ti ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ Sagbo dúró, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Apòògùn ni Adédoyin ní ọsibítù kan ní Àgbádárìgì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wò ó bóyá ẹni tí wọ́n ń fún ní oògùn tàbí abẹ́rẹ́ apakòkòrò àrùn nílò rẹ̀ lóòótọ́. Ibà lásán ló gbé Sagbo, apẹja ará erékùṣù Gberefu, dé wọ́ọ̀dù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀, oògùn ibà nìkan ló sì nílò.

"Ọ̀gá, kí ni abẹ́rẹ́ yìí ń wá lára ọkùnrin yìí?" ó bi Dókítà Jayéọlá.

"Doyin, ṣé o ò rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni? Tí a bá dá a dúró, tí ara ò yá, ọrùn ta ni wọ́n á so ó kọ́?"

Àràárọ̀ ni ìyá ọ̀hún ń wọkọ̀ sọdá ọ̀sà. Bí nọ́ọ̀sì bá kọjá láìmú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, á ní wọ́n fẹ́ pa òun lọ́mọ.

Nígbà tó yá, ibà Sagbo lọ, ìgbẹ́ gbuuru dé. Abẹ́rẹ́ ti pa kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀ pọ̀ mọ́ burúkú. Sagbo tó ń dá àwọ̀n fà wá di ẹni tí wọ́n ń gbé dìde.

"Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ tó le ju èyí lọ!" ìyá rẹ̀ figbe ta. Dókítà ti fa bírò yọ.

Doyin dá a dúró. "Rárá o, sà! Abẹ́rẹ́ yìí gan-an ló ń ṣe é. Èyí tí ẹ sì fẹ́ kọ yẹn, òun nìkan ló kù fún ìyá ìkókó tí ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ bá kẹ̀. Tí kòkòrò bá mọwọ́ òun náà, tí kò lè pa á mọ́, kí la ó fún irú ìyá bẹ́ẹ̀?" Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bínú sí omijé náà.

Jayéọlá dá bírò rẹ̀ padà sápò. "Ẹ dá abẹ́rẹ́ náà dúró," ó wí fún nọ́ọ̀sì Láyọ̀. "Omi oníyọ̀ ni kí ẹ máa fún un."

Díẹ̀díẹ̀, ìgbẹ́ náà dá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, ìyá Sagbo gbé àgbọn wá fún Doyin.

"Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ yẹn mà dára o! Òun ló gbà á là. Ikọ́ kan ń yọ èmi náà lẹ́nu, ẹ bá mi gún un."

Doyin jókòó tì í, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó mi orí pé ó yé òun, ó wá yíjú sí nọ́ọ̀sì Láyọ̀.

"Ìwọ ńkọ́, ṣé abẹ́rẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ?"