Ìyá Àga Ẹ̀yìn

"Ẹ̀tàn ni, Àǹtí! Ẹ má fi òfin bo ẹ̀tàn lójú fún mi."

Orí àkàbà ni Oníná wà tó ti ń pariwo, gílóòbù lọ́wọ́ kan, wáyà lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá kan náà, dúró nísàlẹ̀, ó di àkàbà náà mú. Ìjà ọmọ ìyá nìyẹn: wọ́n lè bú ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọwọ́ ò ní kúrò lára àkàbà.

"Sọ̀kalẹ̀ ná," lobìnrin náà wí. "Ẹni tó wà lókè kì í bú ẹni tó di àkàbà mú."

Ọ̀gá ilé eré ńlá ló dá ìjà yìí sílẹ̀, ilé eré tó ní àga onítìmùtìmù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ó ránṣẹ́ pé òun fẹ́ gba àjọ̀dún eré wọn mọ́ra. Òun á fún wọn ní gbọ̀ngàn, òun á polówó wọn lórí rédíò, èrò á wọ́ wá. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: àwọn èèyàn òun ni yóò máa yan eré tó dára. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tí àjọ̀dún tọdún yìí bá kásẹ̀ nílẹ̀, ló fẹ́ gbọ́ èsì. Oníná ní kí wọ́n gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ọ̀gá náà lọ fi tìmùtìmù rẹ̀ rọrí.

Korobá ló ń jọba nínú àjọ̀dún tiwọn. Ẹni tó bá ní eré lọ́wọ́, ìbáà dára, ìbáà burú bí ẹ̀fọ́rí, á kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà, á jù ú sínú korobá. Obìnrin náà á di ojú, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Orúkọ tó bá fà jáde ló máa ṣeré. Kò sí alága, kò sí ọ̀mọ̀wé, kò sí àna ẹnikẹ́ni tó lè ní kí wọ́n fi ẹnì kan sí i. Ìyẹn làwọn eléré ṣe ń pè é ní Àǹtí Korobá, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè.

Gbọ̀ngàn wọn jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń ta táyà tẹ́lẹ̀. Òórùn rọ́bà kò kúrò lára ògiri di òní. Àǹtí Korobá ló fi ọ̀dà kọ òfin sára ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Bí òǹwòran kan ṣoṣo bá jókòó, eré á wáyé. Bí kò bá sí ẹnì kankan, iná á kú, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ àjọ̀dún kì í ṣe òǹwòran.

Òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ yìí náà ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, kò lè wò ó kí eré ọmọ ọlọ́mọ kú sínú òkùnkùn. Ó bá ń wé ìborùn pupa kan mọ́rí, á gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, á jókòó sórí àga tó kẹ́yìn pátápátá, níbi tí iná kì í dé. Bí eré bá parí, á pàtẹ́wọ́ mẹ́ta, wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí eléré tó nu òógùn ojú, ó ti lọ. Àwọn eléré rò pé ará àdúgbò kan ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Àga Ẹ̀yìn. Àwọn kan ní opó ni, àwọn mìíràn ní olówó tó ń sá fún ariwo ni. Torí tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń padà wá lọ́dọọdún. Oníná nìkan ló mọ̀, ó sì ti gbé e mì tipẹ́tipẹ́.

Ó ti wá sọ̀kalẹ̀ báyìí. "Bàbá Ọlọ́mọláńgidi ń fi orúnkún tó ń dùn ún rìnrìn àjò wá fi ọmọláńgidi ṣeré níbí torí ìyá tí kò sí. Ẹ jẹ́ káwọn èèyàn gidi máa wò wọ́n, Àǹtí."

"Èèyàn gidi. Èmi wá jẹ́ kí ni? Iwin?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ òfin. Èmi kọ́."

Oníná ní ó ti rẹ òun. Káfíńtà wọn ti kú, ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ti bá ọkọ lọ, akọrin wọn ti di olùkọ́ nílé ìwé. Ó ku àwọn méjèèjì, bí eyín iwájú arúgbó. Ó wá béèrè ohun tó ti wà létè rẹ̀ láti àárọ̀: ta ni yóò jókòó wo tiyín?

Ìbéèrè yẹn wọlé. Ọdọọdún ni Àǹtí Korobá ń ju orúkọ ara rẹ̀ sínú korobá, kò jáde rí. Ọdún yìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Eré rẹ̀ ló kẹ́yìn àjọ̀dún: obìnrin kan tó ń tẹ́ tábìlì de àlejò. Ìgbà tí ìyá wọn kú ló kọ ọ́, kò tíì ṣe é lójú ẹnì kankan.

Ó na ìka sí àbúrò rẹ̀. Ó ní bí òǹwòran kan bá jókòó ti òun dópin, kí Oníná má sọ ọ̀rọ̀ ilé eré ńlá mọ́ láé, kí wọ́n jọ máa bá korobá lọ. Bí kò bá sí, kó lọ sọ fún ọ̀gá onítìmùtìmù pé àwọn ti gbà. Oníná ní òun gbọ́.

Nígbà tó tó àkókò, Àǹtí Korobá jókòó sínú yàrá tí wọ́n ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀, níwájú dígí tó sán, ó ń kun àtíkè, ó ń tẹ́tí sílẹ̀ de ẹsẹ̀. Ó gbọ́ ọkọ̀ tó kọjá. Ó gbọ́ àwọn ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù níta. Ó gbọ́ bí Oníná ṣe ń fọn imú. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó ń wọ́ díẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, àga ké.

Bàbá Ọlọ́mọláńgidi ni, àpótí rẹ̀ lórí itan. Ó jókòó ti àga tó kẹ́yìn.

Oníná tan iná. Àǹtí Korobá jáde, ó tẹ́ aṣọ tábìlì, ó gbé àwo àkọ́kọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò wò ó. Ilẹ̀kùn ló ń wò. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ má bínú, Àǹtí Korobá. Ìyá yẹn ò ní wá lónìí ni?" Ó yọ ọmọláńgidi kan nínú àpótí, igi tuntun, ìborùn pupa lórí. "Mo gbẹ́ ẹ fún un ni. Mi ò rí ojú ẹ̀ rí, mo bá fi ojú ẹ̀ sílẹ̀ láìgbẹ́."

Àǹtí Korobá wo òkè níbi tí àbúrò rẹ̀ wà.

"Ó ń bọ̀," ló wí. "Ẹ jókòó."

Ó gbé àwo kejì. Atẹ́gùn mi ilẹ̀kùn, bàbá náà fi orúnkún tó ń dùn ún dìde díẹ̀, ó tún jókòó. Ó gbé ìkẹta. Atẹ́gùn tún mi ilẹ̀kùn, bàbá tún dìde. Àwo kẹrin wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

Ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fa ìborùn pupa yọ lápò, ó wé e, ó rìn kọjá ibi tí iná mọ, ó dúró ti àga tó kẹ́yìn. Ó pàtẹ́wọ́ mẹ́ta, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bàbá náà mọ àtẹ́wọ́ yẹn.

"Ẹ̀yin náà ni," ló wí. "Gbogbo ọdún yẹn."

"Èmi ni, bàbá."

"Ta ló wá wo eré mi nígbà náà?"

"Èmi ni mo wò ó. Kò sí èyí tí mi ò rántí."

"Rárá o. Ẹ̀yin, ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́."

Kò sọ ọ́ tìbínútìbínú. Ó gbé ọmọláńgidi náà jókòó sórí àga tó kẹ́yìn, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó pa àpótí dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn pa dé.

Àǹtí Korobá padà síbi tábìlì. Ó tú ìborùn, ó he àwo kẹrin nílẹ̀, ó fi aṣọ nù ún.

"Má kúrò níbẹ̀," ló sọ sókè. "Ẹnì kan ṣì jókòó."

Oníná na ọrùn, ó wo àga ẹ̀yìn, ó wò ó pẹ́.

"Kò lójú, Àǹtí," ló wí, ó sì pa iná.