Ìwádìí Oorun ní Kétu

Ẹ ti fura pé ọkùnrin tó wọ bàtà kánfáàsì funfun sínú ẹrẹ̀ Kétu láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹni ńlá ló ń retí. Ìfura yín kò tàsé. Sùrájù Àjíṣafẹ́, wolé-wolé, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ yẹn, tó ń ka àṣeyọrí ara rẹ̀ fún Dókítà Olúrántí tó ti Èkó dé.

Àwọn ọ̀gá l'Ékòó ti rán Sùrájù pé kó wádìí bí àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ́síímà, àìsàn tó ń mú kí awọ gbẹ kó sì máa yún ni, ṣe ń sùn sí. Ìlú tí wọn kò bá ti rí oorun sùn ni wọn yóò kọ́kọ́ kó òògùn ìpara wá. Ẹni tó bá sì ṣe ìwádìí náà yanjú, ipò ọ̀gá ń dúró dè é l'Ékòó. Sùrájù ti ń fọkàn jókòó sórí àga ibẹ̀.

"Wọ́n ń sùn fọnfọn, sà," ló wí. "Kétu o, Ìkòsì o, mo yí gbogbo rẹ̀ po. Ẹ kó òògùn yẹn lọ síbòmíì."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ìdájí ni mo máa ń ká wọn mọ́lé, sà. Mo á ní, 'Ṣé ẹ sùn dáadáa?' Wọ́n á ní, 'A dúpẹ́.' Ẹyọ ẹnì kan ò ráhùn! Màmá mi gan-an, ara ń yún wọn ju ẹnikẹ́ni lọ. Àràárọ̀ ni mo ń dọ̀bálẹ̀ bi wọ́n."

Dókítà wọlé tọ màmá Sùrájù lọ, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Sùrájù rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n wà, mà. Màmá, ta ló ń bá yín họ ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ yín ò tó?"

"Ògiri ni," ni màmá dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. "Tí ara bá ti ń yún mi lóru, mo á dìde, mo á máa fẹ̀yìn gbo ògiri títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò rántí ìgbà tí mo sùn kẹ́yìn."

"Màmá!" ni Sùrájù pariwo. "Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Kí ni kí n sọ? Bọ́mọ bá dọ̀bálẹ̀ kí ni láàárọ̀, ṣé ẹjọ́ lèèyàn á máa rò fún un ni? Mo dúpẹ́ ni."

Dókítà rọra gbójú sókè. "Ògiri wo ni, mà?"

Màmá nàka sí ibi tó ti dán bí àwo lára ògiri amọ̀.

"Èyí tó pààlà èmi àti ibùsùn Sùrájù ni."