Àga Tí Wọ́n Fi Sùn

"Ṣé ẹ ti rí ohun tó ṣe é?"

Láti ẹ̀yìn ni ọ̀gá ti bi obìnrin tó wà lórí eékún. Obìnrin náà ti ki tọ́ọ̀ṣì bọ abẹ́ àga, ó sì ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ etí irin níbẹ̀.

Àga kẹta ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ní iyàrá iwájú bàálù, níbi tí àga kan ṣoṣo ti ń gba ààyè èèyàn mẹ́rin. Àwọn èrò ibẹ̀ kì í sun oorun ìjókòó tí orí á máa já lulẹ̀. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì, àga á sì tẹ́ gbalaja bí ibùsùn. Obìnrin yìí ló ń tún àwọn àga náà ṣe. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún, kò sì tíì fi ọ̀kankan nínú wọn rìnrìn àjò rí, ṣùgbọ́n bí àga bá ti kùn báyìí, ó ti mọ ibi tó ń dùn ún. Ìyá Àga ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é.

"Ìyá Àga, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ o."

"Mo ń gbọ́ yín, sà. Mo ti rí i."

Ohun tó rí kò gùn ju èékánná lọ. Wáyà pupa tín-ín-rín kan ni, tí ẹnìkan tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, tó fi so ibi méjì tí iná ń gbà pọ̀. Ó mọ ọwọ́ tó máa ń tẹ wáyà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni.

Bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ̀rọ kékeré mẹ́ta ló ń gbé àga: ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá ìrọ̀rí ló wà níwájú òun tàbí ọmọ èèyàn. Nítorí náà, àwọn tó ṣe é lẹ rọ́bà pẹlẹbẹ kan mọ́ etí irin nísàlẹ̀, wáyà sì wà nínú rẹ̀. Bí ohunkóhun bá ti kan rọ́bà yìí, àga á dúró lójú ẹsẹ̀, á sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Ojú ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Ojú yìí sì máa ń gbó. Bó bá ti gbó, á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀; àga á dúró sí agbedeméjì, kò ní í lọ, kò ní í bọ̀, ẹni tó sanwó ibùsùn á sì kákò bí ìgbín títí ilẹ̀ òkèèrè. Ojú tuntun máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ìyá Àga ló fi ọpọlọ ara rẹ̀ wá ọgbọ́n wáyà náà rí: fi wáyà bíńtín so ibí mọ́ ibí, àga á rò pé ojú òun ṣì là, kò sì ní í dúró fún nǹkan kan mọ́. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, ó sì kọ́ gbogbo wọn. "Ẹ fi í sùn," ni wọ́n máa ń wí bí wọ́n bá fẹ́ so wáyà náà mọ́ àga. Bí ojú tuntun bá dé, wọ́n á jí i. Nígbà mìíràn, ojú tuntun á dé, wọn ò sì ní í rántí.

Ní ìjẹta, ìyá àgbà kan tó jẹ́ aránṣọ jókòó sí àga kẹta. Bàálù kò tíì lo wákàtí kan lókè tí awò ojú màmá fi já sí àlàfo ẹ̀gbẹ́ àga. Ó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ láti wá a, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kejì sì tẹ bọ́tìnì. Àga kò dúró. Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún ló rún kí olùtọ́jú èrò tó sáré dé ibẹ̀, awakọ̀ sì yí bàálù padà sílé.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é bí kò bá sí nítòsí, nítorí bàálù tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, ṣe ló máa ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

"Ìwé ìkìlọ̀ wà nínú àpò àga yìí, àbí kò sí?"

"Ó wà, sà."

"Kí ló wí?"

"Ó ní bí nǹkan bá já sínú àga, kí èrò má fọwọ́ wá a, kó pe olùtọ́jú."

"Ó parí. Màmá kò tẹ̀lé ìkìlọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́."

"Wáyà ńkọ́, sà?"

"Wáyà wo?"

Ìyá Àga gbójú sókè wò ó. Ọkùnrin náà kò ṣẹ́jú.

"Mo ní wáyà wo? Èmi ò rí wáyà kankan. Bí wáyà bá sì wà, ẹnìkan ló so ó, ẹnu ẹni náà ni yóò fi ṣàlàyé fún àwọn aláyẹ̀wò. Aago méjì, mo fẹ́ ìwé yẹn lórí tábìlì mi. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kọjá aago méjì, ẹ jọ̀ọ́."

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí pé kò sáré rí láyé, ló wà nínú iyàrá iṣẹ́ nígbà tí Ìyá Àga gbé wáyà náà débẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú un wá kí n gbé e mì."

"Kó wá há ọ lọ́fun?"

"Ó sàn kó há èmi nìkan lọ́fun ju kó há gbogbo wa lọ́rùn lọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́.

"Ẹ gbọ́ ná," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Èèyàn mẹ́fà là ń ṣiṣẹ́ níbí. Kò sẹ́ni tí kò tíì fi àga sùn rí nínú wa. Bí ẹ bá lanu, ẹ̀yin nìkan kọ́ ni wọ́n máa lé. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kì í ṣe pé mo ń fi ọmọ bẹ̀ yín o." Ó fọwọ́ nu ojú. "Mo ń fi ọmọ bẹ̀ yín."

Ìyá Àga jókòó, ó fa ìwé síwájú, ó sì kọ ọ́: èrò kò tẹ̀lé ìkìlọ̀ tó wà nínú àpò àga. Kò sí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó rọrùn láti kọ. Ó ku kó buwọ́ lù ú nígbà tí ọ̀gá kan ilẹ̀kùn.

"Ọmọ màmá wà níta. Ó fẹ́ rí àga náà. Ẹ mú un lọ, ẹ tọ́jú ẹnu yín."

Ọkùnrin náà ti tó ẹni ogójì ọdún. Aṣọ ọrùn rẹ̀ rí bí aṣọ tí wọ́n fi sùn lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí wọ́n dé inú bàálù, ó fọwọ́ pa apá àga kẹta bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹran ọ̀sìn tí kò dá a lójú lára.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Ẹ ṣeun, sà. Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà lọ́sibítù. Wọ́n ti gé méjì, wọ́n ń wo ẹ̀kẹta." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ọjà. "Ogójì ọdún ni wọ́n fi jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, lórí àpótí tí kò ní ẹ̀yìn. Mo ní lẹ́ẹ̀kan péré láyé wọn, wọ́n á fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú bàálù. Èmi wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí eékún ti ń kan àgbọ̀n. Ká ní mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni..." Fóònù rẹ̀ dún. Ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín kan tí kò dára. "Òtẹ́ẹ̀lì ni. Èyí tí mo gbà fún wọn lọ́hùn-ún, tí ọpọ́n ìwẹ̀ rẹ̀ tó ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n á máa gbé oúnjẹ wá bá wọn lórí ibùsùn. Láti àná ni wọ́n ti ń kọ̀wé pé iyàrá ti ṣe tán, pé wọ́n ń retí màmá."

Ìyá Àga ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n fi hàn yín, sà?"

"Kò sí. Màmá ló rán mi, mà." Ó sọ ohùn kalẹ̀. "Wọ́n ní kí n wá bá wọn bẹ ẹni tó ń tọ́jú àga. Wọ́n ní nígbà tí ọwọ́ àwọn há, àwọn fà á pẹ̀lú agbára, àwọn sì gbọ́ tí nǹkan kán nínú rẹ̀. Àga olówó ńlá báyìí. Kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ṣé ó bàjẹ́ púpọ̀?"

Láàárọ̀ yẹn, Ìyá Àga ti tú àga náà wò, irin kan tẹ̀lé òmíràn.

"Kò sí nǹkan tó kán lára àga, sà," ni ó wí.

Ọkùnrin náà mi orí. Ohun tó kán ti yé e. Ó yíjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Màá sọ fún wọn," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ ṣeun, mà. Ara á tù wọ́n."

Nígbà tí Ìyá Àga padà sí iyàrá iṣẹ́, kò jókòó.

"Jẹ́jẹ́, mélòó ló ń sùn?"

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Mo ní mélòó?"

"Méje. Mi ò ka èyí mọ́ ọn."

"Èwo ló ń gbéra lónìí?"

Jẹ́jẹ́ wo pátákó ara ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. "Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà kẹrin. Àga kìíní. Wọ́n ti ń kó èrò wọ̀ ọ́."

Ó mú ẹ̀mú, ó mú ojú tuntun kan nínú àpótí. Ìwé wà lórí tábìlì láìní ìbuwọ́lù. Jẹ́jẹ́ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ro ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n."

"Mo ti rò ó. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé èmi ni mo kọ́ ẹ. Òótọ́ ni. Yẹ̀ fún mi."

Jẹ́jẹ́ yẹ̀, jẹ́jẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Nínú bàálù náà, wọ́n ti ń pín tówẹ̀lì gbígbóná. Ọkùnrin tó wà ní àga kìíní ti bọ́ bàtà, ó ń gbé ẹ̀yìn àga sókè, ó ń gbé e sílẹ̀, ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó sì ń sọ fún ẹnìkan pé, "Ẹ ò lè gbàgbọ́, mo ti dùbúlẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ kan rọ̀ dìrọ̀dìrọ̀ sí àlàfo ẹ̀gbẹ́ àga.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ ọwọ́ yín níbẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnì sílẹ̀. Ẹ dìde."

"Kí n dìde kẹ̀? Ta ni yín?"

"Ẹ dìde ná, sà. Ẹ bú mi tí ẹ bá dìde tán."

Ariwo náà ló mú awakọ̀ jáde láti iwájú. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ jù ni. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀mú tí Ìyá Àga dì mú.

"Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù. Ta ló dá wa dúró?"

"Èmi ni."

"Nítorí àga kan?"

"Mẹ́fà mìíràn wà, mà, nínú bàálù mẹ́rin. Màá kà wọ́n fún yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Awakọ̀ wo ojú rẹ̀, ó sì fa bírò yọ. "Mo gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó sọ ọ́. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ yín?"

Fóònù ń gbọ̀n lápò Ìyá Àga, kò sì nílò kó yọ ọ́ wò kó tó mọ̀ pé ọ̀gá ni. Ó ka nọ́ńbà náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kí bírò lè bá a.

"Ẹ kà á padà fún mi, mà."

Awakọ̀ kà á padà.

"Ó pé," ni Ìyá Àga wí. Ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kìíní, ó sì ki ọwọ́ ara rẹ̀ bọ àlàfo náà.