Ó-Ku-Díẹ̀ Wọ Adágún

3.

…lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta bí ooru bá mú.

Ìbéèrè kẹrin: Láti ìgbà wo lẹ ti ń wẹ̀?
Ìdáhùn: Láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi.

Ìbéèrè karùn-ún: Ta ló kọ́ yín?
Ìdáhùn: Ìyá mi.

(Télọ̀ kan ló kọ ìdáhùn wọ̀nyí. Ó-Ku-Díẹ̀ ni gbogbo oníbàárà ń pè é, torí ìdáhùn kan ṣoṣo tó ní nìyẹn bí wọ́n bá béèrè aṣọ wọn. Ó rò pé fọ́ọ̀mù ìgbafẹ́ létí adágún orí òkè ni, kí òun fi tu ìyàwó òun lójú. Ó rò pé wọ́n ń béèrè nípa ìmọ́tótó ni.)

5.

Ẹ KÚ ORÍIRE!
Àárín àwọn ọ̀gá òmùwẹ̀ la fi yín sí.
Ẹgbẹ̀rin mítà, láti etí omi kan dé èkejì.
Nọ́ńbà yín: 27.
ẸNI TÓ BÁ DI ỌKỌ̀ MÚ TI JÁDE NÍNÚ ÌDÍJE.

6.

Ohun tí Ó-Ku-Díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí kò parí:
– ọ̀dà ògiri ilé ìdáná
– sòkòtò alágbàfọ̀ (ẹsẹ̀ kan)
– lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ («Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, mo»)
– gáùn ìyàwó rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá. Apá òsì ló kù.

7.

ÌYÀWÓ: Ọkọ mi, ṣé ẹ mọ̀ọ́ wẹ̀ ni?
ÒUN: Ojoojúmọ́ ni mò ń wẹ̀.
ÌYÀWÓ: Nínú korobá!
ÒUN: Omi lomi ń jẹ́.
ÌYÀWÓ: Ó dáa. Bí ẹ bá wẹ̀ ẹ́ já, màá dúró de apá òsì. Bí ẹ ò bá wẹ̀ ẹ́ já, télọ̀ ìsàlẹ̀ àdúgbò ni màá gbé gáùn mi fún.

(Ṣíbí jábọ́.)

Kí ìyàwó télọ̀ gbé aṣọ fún télọ̀ mìíràn! Ikú yá ju ẹ̀sín. Ó ki orí bọ korobá, ó fi dánra wò.

8.

Ìwé yìí ṣì tutù. Èmi tí mo ń kó ìwé wọ̀nyí jọ ti sá a sórí okùn, pẹ̀lú 1, 2 àti 4.

9.

Àtẹ̀jíṣẹ́ òun àti Ìyá Ọlọ́kọ̀, tó ń fi ọkọ̀ kékeré ṣọ́ àwọn òmùwẹ̀, tó sì gbà láti kọ́ ọ:

Ọ̀sẹ̀ kìíní
– Mo léfòó!
– Orí òkúta lẹ dúró sí, ẹ̀gbọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kejì
– Òkúta ti tán.
– Mo rí i. Èmi náà ni mo fà yín jáde.

Ọ̀sẹ̀ kẹta
– Mo wẹ ogójì mítà!
– Ẹgbẹ̀rin ni ìdíje.
– Ó ku díẹ̀.

10.

Wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ìyẹn fi í lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀, torí òun kì í ṣe òmùwẹ̀.

11.

PÁTÁKÓ ETÍ OMI:
OMI ÒKÈ TUTÙ. Ẹ MÁ PARIWO. ÒKÈ Á DÁ YÍN LÓHÙN.

Ọjọ́ ìdíje pé, ó bẹ́ sínú omi.

yéè!
      yéè!
            yéè!

12.

ÌYÁ ỌLỌ́KỌ̀: Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ti gúnlẹ̀. Wọ́n ti wọṣọ. Wọ́n ti ń jẹun.
27: Kí… ó… gba ibi ire.
ÌYÁ ỌLỌ́KỌ̀: Eyín yín ń lu ara wọn. Mò ń gbọ́ ọ láti ibí. Ẹ di ọkọ̀ mú.
27: Rárá.

13.

Ní etí omi kejì, obìnrin kan dúró nínú gáùn alápá kan. Ó na tọ́wẹ̀ẹ̀lì sílẹ̀. Kò pariwo, ó kàn ń ka ọwọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń jù. Ọkọ rí apá òsì rẹ̀ níhòòhò nínú òtútù, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ogún mítà ló wà láàárín wọn.

14.

«Ó ku díẹ̀!» ni ọkọ kígbe sí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò parọ́. Òkè dá a lóhùn bó ṣe ń wẹ̀ bọ̀:

ó ku díẹ̀
      ó ku díẹ̀
            ó ku