Ìyàwó Kì í Pe Ọmọ Ilé Lórúkọ

“Shakirah, mo ní ta ló pè mí lórúkọ?”

Ohùn Àǹtí Ìyábọ̀dé ròkè nínú fóònù débi pé gbogbo àwọn tó ń kàwé nínú láìbìrì yunifásítì ló gbójú sókè. Shakirah fọwọ́ bo fóònù, ó sì sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Àǹtí, ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ má bínú, láìbìrì ni mo wà.”

“Má kí mi! Ìyá ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí. ‘Ìyábọ̀dé, má gbàgbé láti mú kúlà wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè.’ Ìyábọ̀dé gbalaja! Bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀! Ìyàwó tó wá bá mi nílé bàbá mi!”

Ó yé Shakirah lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló pe Àǹtí lórúkọ. Áàpù tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Shakirah wà lọ́dún àṣekágbá nídìí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ọmọ ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá kan kó tó gboyè. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe géèmù, àwọn mìíràn ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa dá ojú èèyàn mọ̀. Tiẹ̀ yàtọ̀. Ṣé ẹ mọ ìṣe àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Manchester ní Ìlú Ọba? Wọ́n á rí bàbá arúgbó tó tó bàbá wọn bí, wọ́n á ní “Báwo ni?” Ìyẹn ló ká Shakirah lára. Ó wá ṣe áàpù kan, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú rẹ̀, yóò tún un kọ lọ́nà tó bá ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ sí mu. Bó bá jẹ́ àgbà, á fi ọ̀wọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ àbúrò, á pè é lórúkọ.

Báwo wá ni áàpù ṣe ń mọ àgbà? Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lójú Shakirah. Kí oníkálukú kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí i, kí kọ̀ǹpútà tò wọ́n bí wọ́n ṣe délé ayé, ó parí. Rọ́fíàt ìyá rẹ̀ sì fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju Àǹtí Ìyábọ̀dé lọ, ìyẹn àbíkẹ́yìn nínú àwọn àbúrò bàbá rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wò ó, ó rí ẹ̀gbọ́n, ó rí àbúrò, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Kọ̀ǹpútà ò mọ ilé ọkọ, kò mọ ilé àna.

“Àǹtí, kì í ṣe Mọ́mì. Áàpù mi ni. Èmi ni mo jẹ̀bi.”

“Áàpù wo? Ohun tí ìyá ẹ ò jẹ́ sọ láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, áàpù ló wá bá a sọ ọ́? Ẹyin lohùn o, Shakirah. Yọ mí kúrò níbẹ̀. Yọ ọkọ mi, yọ àwọn ọmọ mi. A ò ṣe mọ́.”

Ó pa fóònù. Shakirah fara ti ògiri, omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Ilé méjì péré ló ń bá a dán áàpù náà wò: ilé tiwọn ní àdúgbò Openshaw, àti ilé Àǹtí Ìyábọ̀dé ní Salford Quays. Òfin iṣẹ́ náà sì ni pé ẹni tó bá ti ní òun ò ṣe mọ́, gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Bí ilé Àǹtí bá lọ, ta ni ilé tiwọn fẹ́ máa kí? Ọjọ́ tí àwọn olùkọ́ máa wá wo iṣẹ́ náà sì ti dé tán. Bí kò bá rí nǹkan kan fi hàn wọ́n, kò ní bá ẹgbẹ́ ẹ̀ gboyè lọ́dún yìí nìyẹn.

Ó gba ọ́fíìsì Dókítà Julius lọ, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Jàmáíkà tí wọ́n bí sí Moss Side ní Manchester ni, kò gbọ́ Yorùbá kankan. Shakirah rò pé yóò bá òun kẹ́dùn. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ńṣe ló fa àga sún mọ́ ọn bí ọmọdé tí wọ́n ń pàlọ́ fún.

“Dúró ná. Ìyá rẹ dàgbà ju obìnrin yìí lọ, síbẹ̀ obìnrin yìí ni àgbà?”

“Nínú ilé wa, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti bí wọn síbẹ̀ kí Mọ́mì tó wọlé.”

“Ká ní wọ́n pàdé nígboro, tí wọn ò mọra rí ńkọ́?”

“Mọ́mì ni àgbà nígbà yẹn.”

“Àwọn méjì yìí kan náà?”

Shakirah kò rò ó báyìí rí. “Àwọn méjì yìí kan náà.”

“Á jẹ́ pé ọjọ́ ìbí nìkan kọ́ ló ń sọni dàgbà lọ́dọ̀ yín,” ni Dókítà Julius wí. “Kí lo tún mọ̀ tí o ò tíì sọ fún kọ̀ǹpútà?”

Ìbéèrè yìí tẹ̀ lé Shakirah wọ bọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ̀, Mùtíù, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Àǹtí Ìyábọ̀dé gan-an, “Ìyá mi” ló ń pè é, torí ẹ̀yìn ikú ìyá àgbà wọn ni wọ́n bí i. Ṣé ìyá ni àbí àbúrò? Àwọn ìbejì ńkọ́? Táíwò á kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé ni wọ́n á sì pè lẹ́gbọ̀n-ọ́n! Hà! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n mú un kúrò n’Íbàdàn, ó sì ti ń gbọ́ gbogbo nǹkan wọ̀nyí láti kékeré láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ̀ ju bó ṣe ń bẹ̀rù lọ.

Ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó dé, ó ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Bó ṣe gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Yéè! Mo gbé! Èmi Rọ́fíàt pe ọmọ ilé lórúkọ? Wọ́n á ní Ìlú Ọba ti yí mi lórí!”

“Mọ́mì, ẹ má bínú. Ṣé torí ìyẹn lẹ ṣe ń pe Àǹtí ní Eyínfúnjowó? Mo rò pé ẹ̀ ń ṣeré ni.”

“Eré kẹ̀? Ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ, ìyá bàbá ẹ to gbogbo àwọn ọmọ ilé síwájú mi. Wọ́n ní kí n wò wọ́n dáadáa, mi ò gbọdọ̀ pe ẹnì kankan níbẹ̀ lórúkọ. Àǹtí ẹ ṣì ń lọ sílé ìwé pírámárì. Mo wo ẹnu wọn, eyín funfun báláú. Mo ní, Eyínfúnjowó. Èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mo ń dirun fún wọn, tí wọ́n bá sunkún, èmi náà ni mo ń pọ̀n wọ́n.”

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa Shakirah: ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn ni wọ́n ń pè ní “wọ́n”! “Àwọn ìyàwó ilé yòókù ńkọ́? Eyínfúnjowó làwọn náà ń pè wọ́n?”

“Rárá o. Oníkálukú ló ń wo ojú ọmọ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnì kan ń pè wọ́n ní Ìbàdíàrán, ẹnì kan ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.”

Shakirah jókòó tì í. Kò sí ìṣirò kankan láyé yìí tó lè bí Eyínfúnjowó. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, òun sì ti kọ́ áàpù tí kì í béèrè. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó pa gbogbo ibi tó ti ń fi ọjọ́ ìbí to èèyàn rẹ́. Iṣẹ́ oṣù méjì ni, ó sì dùn ún wọra. Ó fi ìbéèrè sí ipò rẹ̀: kí lẹ máa ń pe ẹni yìí? Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìgboro, lọ sí Salford Quays. Bí Àǹtí Ìyábọ̀dé ṣe ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Dìde níbẹ̀, kí àwọn òyìnbó má rò pé mo lù ọ́. Ṣé ẹ̀bẹ̀ lo wá bẹ̀?”

“Mo wá bẹ̀bẹ̀ mà. Ṣùgbọ́n mo tún mú ìbéèrè wá.”

“Ìbéèrè! Ó pè mí lórúkọ tán, ó tún ń bi mí léèrè.”

Síbẹ̀, ó gba fóònù náà wò. Ó rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, ó rí ohun tí ìyàwó ilé wọn kọ sí i: Eyínfúnjowó. Ó fẹ́ ṣe ojú le, kò ṣeé ṣe, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Áàpù wá bi òun náà pé kí ló ń pe Rọ́fíàt. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ “Ìyàwó wa” sí i. Ìbéèrè mìíràn tún jáde: ṣé bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ máa pè wọ́n nìyẹn?

Àǹtí Ìyábọ̀dé tẹjú mọ́ ọn. “Ta ló máa ń bi ìyàwó nírú èyí?”

“Mi ò mọ̀, Àǹtí. Òun ni mo fẹ́ mọ̀.”

Àǹtí mú fóònù tirẹ̀, ó pe ìyá Shakirah ní Openshaw, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

“Ìyàwó wa.”

“Eyínfúnjowó! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà báyìí.”

“Ẹ dìde jàre. Ọmọ yín wà níbí, ó ń bi mí ní ìbéèrè tó le. Kí lẹ fẹ́ kí n máa pè yín?”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Rọ́fíàt.” Ohùn ìyá Shakirah lọ sílẹ̀. “Níbi iṣẹ́, Rose ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ní ìyẹn ló yá wọn lẹ́nu. Nílé, ìyàwó, Ìyá Shakirah. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, mi ò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹni tó mọ̀ mí mọ́. Èmi àtẹ̀yin la ti jọ pẹ́ jù. Bí kò bá bí yín nínú, ẹ máa pè mí ní Rọ́fíàt.”

Àǹtí Ìyábọ̀dé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó mú fóònù Shakirah, ó pa “Ìyàwó wa” rẹ́, ó fara balẹ̀ tẹ orúkọ náà sí i, ó sì dá a padà fún un.

“Fi wá sílẹ̀ níbẹ̀,” ó ní. “A ṣì ń ṣe.”

Ó wá gbé fóònù tirẹ̀ sún mọ́ ẹnu.

“Rọ́fíàt.”

Ohùn ìyá Shakirah rọ̀ nínú fóònù.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ẹ tún un pè.”