Pẹ́ńpẹ́ Kò Sí Nínú Fóònù

Láti ọjọ́ Ajé ni ara Títílọpẹ́ kò ti balẹ̀ mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ní Mowe, ó rán apá ọ̀tún mọ́ ibi tó yẹ kí tòsì wà lára yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ, ó tú u, ó tún rán an bẹ́ẹ̀. Bó bá rán ìlà méjì, á gbé fóònù. Bó bá gbé e sílẹ̀, á tún gbé e. Ẹni tó bá rí i á rò pé ìpè ọkọ ló ń retí. Kàtúùnù ni, ẹ jọ̀ọ́, kàtúùnù ọmọdé.

Ọmọ rẹ̀, Dárasími, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló dá a sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí Pẹ́ńpẹ́ tí ìyá òun máa ń ròyìn. Inú eré òyìnbó kan tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí Títílọpẹ́ wà ní kékeré ní Ifo ni Pẹ́ńpẹ́ wà. Àwọn ọmọ mẹ́rin kan ló ń rìnrìn àjò láàárín àwọn iwin: iwin onírù iná, iwin olójú kan, iwin tó ga ju òpó iná lọ. Pẹ́ńpẹ́ ni ìkarùn-ún wọn, òun ló sì kéré jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ, àmọ́ òun lọ̀gá gbogbo wọn, torí bí àwọn yòókù bá sá, òun kì í sá.

Títílọpẹ́ fúnra rẹ̀ kò wo eré náà rí. Abẹ́rẹ́ ibà kan tí wọ́n gún un sí ìdí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì ti ba ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́, kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré lọ sílé Alájì Àbúbákàr, ilé kan ṣoṣo tó ní jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ládélé, ló máa ń lọ ní ọ̀sán Sátidé, tó bá sì dé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá kan tí àwọn òbí wọn háyà, á ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, tòun ti ariwo àti ìjà. Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ, Pẹ́ńpẹ́ ló máa ń rántí, á sì gbórí sókè. Ká sọ òótọ́, Pẹ́ńpẹ́ ló gbé e dé ibi tó dé.

Òun àti Dárasími wá rí eré náà nínú fóònù. Ọmọ mẹ́rin wà níbẹ̀. Onírù iná wà níbẹ̀. Dátà tán lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wò ó dé òpin, Pẹ́ńpẹ́ kò yọjú.

"Mọ́mì, àbí irọ́ lẹ pa fún mi?" Dárasími bi í.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dé eegun. Tí kò bá sí Pẹ́ńpẹ́, ta ló wá ń bá òun rìn láti ọjọ́ yìí? Nígbà tó di Sátidé, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n wọkọ̀ gba Owódé Ẹ̀gbá, wọ́n bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n tún wọ òmíràn, títí wọ́n fi dé Ifo. Jálẹ̀ ọ̀nà, ńṣe ló ń yí ìdí padà lórí ìjókòó bí ẹni tí ìjàlọ wọ aṣọ rẹ̀.

Wọ́n bá Ládélé níbi iṣẹ́ wẹ́dà rẹ̀, ó ń jó irin géètì. Títílọpẹ́ kúnlẹ̀ débi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á láyè.

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá mi." Kò jẹ́ kó dáhùn. "Pẹ́ńpẹ́ dà?"

Ládélé bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Òyìnbó wo ló ń jẹ́ Pẹ́ńpẹ́, Títí? O ò ro ìyẹn wò rí ni?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o! Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ọmọ mi ń pè mí ní òpùrọ́ lórí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ. Ṣé ẹ tiẹ̀ dé ilé Alájì yẹn rí?"

"Mo débẹ̀." Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ìyàwó Alájì ò jẹ́ ká wọlé. Orí búlọ́ọ̀kù ni mo máa ń dúró sí lẹ́yìn wíndò. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ n gbọ́ nǹkan kan. Àwòrán nìkan ni mò ń rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, èmi ni mo fi sí i."

"Mi ò bi yín ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Pẹ́ńpẹ́ ni mo ní."

Ládélé wo Dárasími, ó wo ilẹ̀. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ròyìn ẹ̀ fún ẹ, o bi mí pé ṣé èyí tó ń rìn bíi tìẹ wà níbẹ̀. Mo ní n máa bá ẹ wò ó. Mo sì wò ó o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹsẹ̀ wọn ni mò ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí. Gbogbo wọn ló ń fò kiri. Lọ́sẹ̀ kẹrin, bí mo ṣe wọlé báyìí, o tún bi mí."

"Ọ́ńkù, kí lẹ wá sọ?" Dárasími ní.

"Mo ní ó ti dé."

Títílọpẹ́ kò rántí pé òun bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá ibínú tó gbé láti Mowe, kò rí i. Ó jókòó sórí àwọn irin tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún, ẹkún tí kò sun nígbà tí gbogbo ọmọ kíláàsì ń sín in jẹ. Ládélé kò mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí, torí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èérí irin.

"Má bínú, Títí. Mi ò mọ̀ pé o máa wá a."

"Ẹ má bẹ̀ mí, Bọ̀dá mi," ó ní. "Ẹ dákun, ẹ má bẹ̀ mí rárá."