Ọ̀wẹ̀ Ẹ́ńjìnnì ní Kèrè

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Ràsáàkì wí. "Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun."

Fréjus kọ ọ́ sínú ìwé. "Ìgbésẹ̀ kejì ńkọ́, ọ̀gá?"

"Ìgbésẹ̀ kejì: kí a tún ìgbésẹ̀ kìíní kà."

Abẹ́ igi máńgò, ní àgbàlá Bàbá Lambert ní Kèrè, ni àwọn méjèèjì jókòó sí. Mọ́tò náà wà níwájú wọn. Mọ́tò eléré ìje ni, pupa, onílẹ̀kùn méjì, ó sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi máa ń wo ẹni tí ó bá jókòó sínú rẹ̀ láti òkè. Fréjus, ọmọ Bàbá Lambert, tí ń tún fóònù ṣe ní ìlú Dassa, ni ó rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ti Faransé dé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú kí ó tó rà á. Okùn ni wọ́n fi fà á dé Kèrè, ó sì ti di oṣù mẹ́fà tí ó ti dúró síbẹ̀ bí ohun tí wọ́n gbìn. Ràsáàkì ti rí ẹ́ńjìnnì mìíràn lára mọ́tò kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́. Ó wà ní gáráàjì rẹ̀ ní ìlú. Bí wọn yóò ṣe yọ òkú jáde, tí wọn yóò sì fi alààyè rọ́pò rẹ̀, ni wọ́n ń kọ sínú ìwé.

"Ẹ́ńjìnnì tuntun yìí fi ìka mẹ́rin ga ju ti àtijọ́ lọ," ni Ràsáàkì wí. "Ìdérí kò ní lè pa dé."

"Kí ni a ó wá ṣe?"

"A ó sọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé kalẹ̀."

"Tí ó bá wá ń ha ilẹ̀ ńkọ́?"

"A ó gbé mọ́tò fúnra rẹ̀ sókè."

"Ọ̀gá, tí a bá gbé e sókè, ṣé mọ́tò eléré ìje ni yóò ṣì jẹ́?"

Ràsáàkì ronú díẹ̀. "Yóò jẹ́ bàṣé pupa."

Bàṣé, àwọn ọkọ̀ tí ń kó iṣu lọ sí ọjà, ni Ràsáàkì ti ń tún ṣe ní Dassa láti ọgbọ̀n ọdún. Fréjus fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ẹ ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rí, àbí?"

"Èmi? Mo ti pààrọ̀ ti bàṣé mọ́kànlá. Mo ti pààrọ̀ ti ẹ̀rọ ìlọta méjì. Mo ti pààrọ̀ ti ọkọ̀ òkú kan, òkú sì wà nínú rẹ̀."

"Ti mọ́tò eléré ìje ńkọ́?"

Ràsáàkì ṣí fìlà rẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó sì tún un dé. "Ìyẹn ni a ṣe ń kọ̀wé."

Bàbá Lambert ti inú ilé jáde, ó gbé ọkọ́ lé èjìká. "Ẹ̀yin méjèèjì ṣì ń kọ̀wé sí i? Kò tíì fún yín lésì?"

"Ẹ kú ọ̀sán, bàbá," ni Ràsáàkì wí.

"Kú ọ̀sán, Ràsáàkì. Fréjus, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó kù kí àwọn àlejò tí ń wá gbàdúrà ní ihò àpáta Arigbo dé. Ènìyàn mẹ́rìnlá ni yóò sùn sí àgbàlá yìí lọ́dún yìí, ibi tí mọ́tò rẹ dùbúlẹ̀ sí yìí gan-an ni a sì máa ń ta àtíbàbà sí. Mo ti bá Wilfried sọ̀rọ̀."

"Wilfried wo?"

"Wilfried tí ń ra irin àlòkù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò mú òṣùwọ̀n rẹ̀ wá. Tí mo bá rí i lọ́jọ́ náà pé iṣẹ́ yín ní orí àti ìdí, n ó dá a padà, n ó sì fún yín láyè títí di ọjọ́ àìsùn Arigbo. Tí n kò bá rí orí, tí n kò sì rí ìdí, yóò kó o lọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá irú mọ́tò yìí."

"O sì ti rí i. Òun náà ti rí ọ, ó sì kọ̀ láti dìde."

Nígbà tí bàbá náà ti lọ sí oko, Fréjus pa ìwé dé. "Ọ̀gá, Àbámẹ́ta ni. Ó kéré tán, kí òkú ẹ́ńjìnnì náà ti jáde. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fa ẹ́ńjìnnì sókè ńkọ́?"

"Ó so mọ́ irin òrùlé gáráàjì mi. Tí a bá tú u, òrùlé yóò bá a wá."

Dorothée, ìyá Fréjus, ń ṣa ẹ̀wà nítòsí. Kò gbé ojú sókè. "Ẹ pe ọ̀wẹ̀."

"Màmá, kì í ṣe ebè ni a fẹ́ kọ."

"Nígbà tí a gbé igi àjà ilé yìí sókè, ṣé ẹ̀rọ ni a fi gbé e? Ènìyàn mélòó ni ó lè gbé irin yìí?"

"Mẹ́jọ," ni Ràsáàkì wí.

"Mẹ́jọ tí ń jẹun bí ènìyàn, tàbí mẹ́jọ ti Juvénal?"

"Ti Juvénal, ìyá."

"Ìkòkò méjì nìyẹn," ni Dorothée wí.

Bẹ́ẹ̀ ni Fréjus ṣe lọ bá Juvénal, olórí ẹgbẹ́ ọ̀wẹ̀ Kèrè, ọkùnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa gbé ẹ́ńjìnnì jáde ní Àbámẹ́ta. Kì í ṣe ní kùtùkùtù o. Agogo mẹ́sàn-án ni."

"Agogo mẹ́sàn-án? Ní òwúrọ̀?"

"Ní òwúrọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá Ràsáàkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú wáyà, kí ó sì fi àmì sí wọn."

"Mo gbọ́," ni Juvénal wí, pẹ̀lú ohùn ẹni tí ó gbọ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n tí kò gbà gbọ́.

Ní ọjọ́bọ̀, Ràsáàkì gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wá sábẹ́ igi máńgò. Ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀; ó lọ kírun, kò sì padà sí Kèrè. Ní Àbámẹ́ta, òun àti Fréjus jọ gun alùpùpù kan wá láti ìlú. Agogo mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí wọ́n wọ àgbàlá.

Fréjus sọ̀ kalẹ̀. Ràsáàkì náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbàgbé láti pa alùpùpù.

Ara mọ́tò pupa náà jókòó sórí òkúta mẹ́rin, ó ṣófo bí igbá. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní jíà, kò ní ìjókòó, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tí ó ti wà nínú rẹ̀ ni wọ́n tò sórí ilẹ̀ ní ìlà mẹ́sàn-án tí ó tọ́ gbọnrangandan, bí ìgbà tí wọ́n kọ ebè. Ọkùnrin kan jókòó sí ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan, òógùn ń bọ́ lára wọn, inú wọn sì dùn.

"Ẹ̀gbọ́n Juvénal," ni Fréjus wí, "kí ni ẹ ṣe?"

"Ẹ kú iṣẹ́ ni a kọ́kọ́ máa ń sọ."

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kí ni ẹ ṣe?"

"Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni a dé."

"Agogo mẹ́sàn-án ni mo sọ fún yín!"

"Ìwọ ni o sọ ọ́. Ta ni ó ti rí ọ̀wẹ̀ tí ń dúró de oòrùn? A dé, a rí irinṣẹ́, a bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ kò bá wa jà rárá. Kí iná ìyá rẹ tó jó dáadáa, ó ti wà nílẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò wá dúró níbẹ̀?"

Juvénal wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Mo wo ìkòkò. Ìkòkò méjì! Iṣu tí ó kún agbọ̀n, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, wàrà wàgáṣì bíi òkúta ilé! Mo tún wo iṣẹ́ tí a ṣe. Àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ṣé kí a jẹ gbogbo ìyẹn lórí irin kan ṣoṣo? Ojú kì yóò ha tì wá?"

"Ojú yóò tì wá gan-an," ni Séraphin, tí ó jókòó sí ìlà kejì, wí.

"Nítorí náà ni a ṣe ń bá iṣẹ́ lọ."

"Ẹ bá a lọ dé ibo, ẹ̀gbọ́n?"

"Títí òórùn ọbẹ̀ fi jáde."

Fréjus yíjú sí Dorothée. "Màmá, ẹ kò dá wọn dúró?"

"Mo ń fín iná. Nígbà tí mo gbójú sókè, ilẹ̀kùn méjèèjì ti wà nílẹ̀. Mo wá fi ata sí ọbẹ̀ kíákíá kí wọ́n má baà dé orí ilé."

Ẹni tí ó jókòó sí ìdí ìlà kẹsàn-án ni Fréjus rí wàyí: bàbá rẹ̀ ni. Bàbá Lambert ti bọ́ ẹ̀wù, gírísì sì dé ìgúnpá rẹ̀. Irin gígùn kan dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì mọ́kànlá tí ó tò láti ńlá dé kékeré.

"Bàbá! Ẹ̀yin pẹ̀lú?"

"Ṣé kí n káwọ́ gbera, kí ọ̀wẹ̀ máa ṣiṣẹ́ ní àgbàlá mi? Kí wọ́n lè máa fi mí ṣẹ̀sín ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ràsáàkì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó la ìwé ìgbésẹ̀, ó wò ó, ó sì pa á dé.

Bí wọ́n ṣe wà báyìí ni ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wọlé. Wilfried ni, pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti àpò. Ó wo ìlà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó sì la apá méjèèjì.

"Bàbá Lambert! Ẹ tilẹ̀ ti tú u fún mi! Ọjọ́ méjì ni ǹ bá fi tú èyí. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tí ó ṣe mí lóore tó báyìí rí!"

"Kò sí ẹni tí ó tú u fún ọ!" ni Fréjus kígbe.

"Àbúrò, irin tí wọ́n tú sílẹ̀, ta ni wọ́n tún ń tú u fún?"

Bàbá Lambert nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Fréjus, mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ rí. Fi orí iṣẹ́ yìí hàn mí, kí o sì fi ìdí rẹ̀ hàn mí."

Fréjus wo ìlà kìíní, ó wo ìlà kẹsàn-án. Nínú fóònù, ó mọ ibi gbogbo. Níhìn-ín, kò mọ ohun tí ó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bàbá, n kò mọ̀ ọ́n," ni ó wí.

Ràsáàkì ni ó dìde. Ó lọ síbi tí wọ́n kó wáyà sí. "Ta ni ó gé ìwọ̀nyí?"

"Gé kẹ̀?" ni Séraphin dáhùn. "Ta ni ó ń gé ìtàkùn iṣu nínú oko olóko? Mo tú wọn kúrò lára òpó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi imọ̀ ọ̀pẹ dì wọ́n."

Ràsáàkì yẹ orí wáyà kọ̀ọ̀kan wò. Kò sí èyí tí ó ṣẹ́. Ó yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ní gáráàjì tirẹ̀, wọ́n máa ń ṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú nọ́ọ̀tì kan nínú ìlà Séraphin, ó sì pa á mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Kí ni mo mú?"

"Ìkeje. Abẹ́ nǹkan tí ó ní etí mẹ́ta yẹn ni mo ti yọ ọ́. Ẹ máa dá a padà sí àyè rẹ̀, ọ̀gá."

Ràsáàkì lọ sí ìlà kẹta, ó lọ sí ìkarùn-ún, ó bi ọkùnrin kọ̀ọ̀kan léèrè. Kò sí ẹni tí ó ṣìnà. Ní oko, ẹni kọ̀ọ̀kan ni ó ni ìlà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ẹni tí ó ń ti ọkọ́ bọ ìlà ẹnìkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tú mọ́tò.

"Bàbá," ni Ràsáàkì wí fún Lambert, "ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. N kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú ìwé mi, ẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n orí iṣẹ́ yìí ni ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan tú kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni ohun tí ó kọ́kọ́ tú. Tí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá padà wá, tí kálukú sì rin ìlà rẹ̀ padà sẹ́yìn, mọ́tò yìí yóò dìde. Èmi yóò wá ibi tí ẹ́ńjìnnì tuntun yóò jókòó sí. Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ tèmi."

"Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀," ni Juvénal wí. "Ṣùgbọ́n ìkòkò yóò tún gorí iná o."

"Mo ti mọ̀," ni Dorothée wí.

Bàbá Lambert ń wo ìlà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Wilfried, tí ọ̀rọ̀ ń gùn jù fún, bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó he nọ́ọ̀tì kan, ó sì jù ú sínú àpò.

"Dá a padà," ni Lambert wí.

"Kí ni, bàbá?"

"Ohun tí o mú. Ìkẹrin ni. Ìkẹrin nínú ìlà mi ni."

"Bàbá, irin ni irin."

"Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ti ń fa nǹkan yìí! Ẹ̀yìn ń dùn mí nítorí rẹ̀! Ó dì mọ́ ihò rẹ̀ bí eyín, mo fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́, ìwọ dé, o ní irin ni irin? Gbé e sílẹ̀. Kì í ṣe ibẹ̀. Láàárín ìkẹta àti ìkarùn-ún."

Wilfried fi í sáàárín ìkẹta àti ìkarùn-ún. "Ṣé kí n padà wá lọ́la?"

"Lọ́la, ṣọ́ọ̀ṣì ni a ó wà fún Máàsì. Ọ̀túnla, a ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Máa lọ, ọmọ mi, kí o sì rọra yí ọkọ̀ rẹ padà."

"Àwọn àlejò Arigbo ńkọ́?" ni Dorothée béèrè.

"Kí wọ́n sùn sẹ́yìn ilé. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ kan ìlà mi, ẹsẹ̀ náà ni yóò fi rìn padà sílé."

Fréjus fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè láàárín ìlà. Bàbá rẹ̀ ti yíjú sí Ràsáàkì, ó sì ń tọ́ka sí irin gígùn náà.

"Ràsáàkì, ohun tí mo tú yìí, kí tilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀?"

"Òun ni ó ń yí ẹsẹ̀ mọ́tò sí ọ̀tún àti sí òsì, bàbá. Láìsí i, mọ́tò kò mọ ibi tí ó ń lọ."

Bàbá Lambert wo irin náà. "Nígbà náà, èmi ni n ó kọ́kọ́ wà á."

"Bàbá," ni Fréjus wí, "ẹ kò mọ mọ́tò wà."

"Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n tú," ni Lambert wí, ó sì lọ fọwọ́ kí ó lè jẹun.